Sítóófù tó ń jẹ igi, èèpo èkùrọ́ àti ṣúkù àgbàdo: ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ará Èkìtì

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Ilẹ̀kùn, fèrèsé àti géètì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n sítóófù ló ń gba ọwọ́ mi jù báyìí, èyí tí èèyàn lè fi igi dáná sí lónìí, kó fi èèpo èkùrọ́ dáná sí i lọ́la, kó sì fi ṣúkù àgbàdo dáná sí i lọ́túnla. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní ìsọ̀ àti lórí fóònù. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn ẹni tó bá jókòó tì mí.

Kí ni sítóófù yìí fi yàtọ̀ sí ààrò tí àwọn ìyá wa ń lò?

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, òótọ́ ni, mi ò sì ní bú ààrò tí wọ́n fi se oúnjẹ tó tọ́ mi dàgbà. Àmọ́ ẹ wo bí iná ṣe ń ṣe lábẹ́ ìkòkò lórí ààrò. Afẹ́fẹ́ ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ń gbá ahọ́n iná síhìn-ín sọ́hùn-ún, ooru sì ń lọ sára ògiri àti sójú ẹni tó ń dáná. Tí ẹ bá pín ooru igi náà sọ́nà 10, ọ̀nà kan tàbí méjì péré ló ń wọnú ìkòkò. Sítóófù tó dáa ń fi ọ̀nà mẹ́ta sínú ìkòkò, nígbà mìíràn mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká fi omi ṣe àpẹẹrẹ. Omi lítà 5 tí a bu láti inú àmù, kó tó hó, yóò gba ooru bíi mẹgajúùlù 1.6 (mẹgajúùlù ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ooru). Kílò kan igi tó gbẹ dáadáa ní nǹkan bíi mẹgajúùlù 16 nínú. Lórí ààrò, ẹ máa jó nǹkan bíi gíráàmù 650 igi kí omi yẹn tó hó. Nínú sítóófù tó dáa, bíi gíráàmù 280 ti tó. Ẹni tó ń ra igi, tàbí tó ń rù ú láti oko, á mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ sí ọrùn rẹ̀.

Ẹ ní kì í rú èéfín. Ṣé igi lè jó kó má rú èéfín ni?

Mi ò sọ pé kì í rú èéfín rárá o. Ohun tí mo ń sọ ni pé èéfín rẹ̀ kéré gan-an tí a bá lò ó bó ṣe yẹ, nítorí pé èéfín kì í ṣe ohun mìíràn ju igi tí kò rí iná jó tán.

Tí ooru bá kan igi, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde. Nígbà tó bá gbóná tó bíi 200°C sí 300°C, igi fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di oru. Oru yẹn ló ń jó tí a fi ń rí ahọ́n iná. Tí oru náà bá bọ́ síbi tó tutù, tàbí tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, kò ní jó. Á gbéra lọ, òun la sì ń pè ní èéfín. Òun ló kun àjà ilé ìdáná dúdú, òun ló di ọ̀dà sára ìkòkò. Ẹ ti ra igi náà, ẹ ti là á, ẹ ti rù ú, ooru rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé lọ.

Sítóófù tí mò ń ṣe ní ògiri méjì, agolo kan nínú agolo kejì. Ihò wà nísàlẹ̀, ihò mìíràn sì yí agolo inú ká lókè. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé ló ń mú kí igi di oru. Afẹ́fẹ́ tó ń gba òkè wọlé ti kọ́kọ́ rìn láàárín ògiri méjèèjì, ó ti gbóná kó tó yọ, ó sì ń jó oru yẹn kó tó kan ìkòkò. Tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ máa rí i tí ahọ́n iná ń yọ láti ojú àwọn ihò òkè wọ̀nyẹn, bí ẹni pé gáàsì lẹ tàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú èyí tí mo fọwọ́ mi ṣe, mo pe gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí o. Thomas Reed ló ronú kàn án ní Amẹ́ríkà ní 1985, Paul Wendelbo tó jẹ́ ará Norway náà sì dá a rí lọ́tọ̀, láìmọ̀ nípa ti Reed. Irú sítóófù mìíràn wà, èyí tó ní ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a ń ti igi gígùn bọ̀; Larry Winiarski ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980. Síbẹ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tipẹ́: ẹwìrì ni wọ́n fi ń bọ́ iná, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ iná gẹ́gẹ́ bí igi ṣe jẹ́.

Kí la lè jó nínú rẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé iná kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe gbogbo wọn bákan náà á ní sítóófù kò dáa.

Igi ni gbogbo wa mọ̀. Igi tó le, tó wúwo, máa ń pẹ́ kó tó jó tán. Igi fúyẹ́fúyẹ́ bíi gmelina máa ń jó kíákíá. Nínú agolo, ẹ gé e kéékèèké, kó má ju gígùn àtàǹpàkò lọ. Ti ẹlẹ́nu ẹ̀gbẹ́ lè gba igi gígùn, àmọ́ kó má nípọn ju ọwọ́ àáké lọ. Orí igi nìkan ló gbọ́dọ̀ máa jó, kí ẹ máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ki í pọ̀. Igi wọ́rọ́kọ́ ló ń da iná rú, igi tó sì dí ẹnu sítóófù ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Èèpo èkùrọ́ ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì fi bò. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe epo pupa tí wọ́n sì ń pa èkùrọ́, ẹ máa rí òkìtì rẹ̀ níbẹ̀. Ó le, ó wúwo, òróró díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín èèpo kan sí èkejì sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Agolo tó gba bíi kílò 2 máa ń jó ju wákàtí kan lọ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tètè ràn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìhá, ìyẹn fọ́nrán ẹyìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún epo tán, tẹ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i. Ìhá gbígbẹ á ràn, ooru rẹ̀ á sì mú èèpo dání. Ohun méjèèjì, ibì kan náà la ti ń rí wọn.

Ṣúkù àgbàdo gbígbẹ dára fún oúnjẹ tó yá. Ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ìṣáná kan ti tó. Ṣùgbọ́n agolo kan kò ní jó ju bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ó tó fún ẹyin, ó tó fún ẹ̀kọ mímu àárọ̀, kò tó fún ẹ̀wà. Háríhá rẹ̀, ẹ fi ran iná nìkan.

Èèpo ìrẹsì ni àwọn ará Ìgbẹmọ máa ń bi mí, nítorí pé wọ́n ní i ní òkìtì òkìtì, wọ́n sì ń wo bí wọ́n ṣe ń dáná sun ún dànù. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún wọn: nínú agolo lásán, kò ní jó dáadáa. Ó kéré, ó ń di mọ́ra, afẹ́fẹ́ kò lè gbà á kọjá, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì ni eérú. Àfi kí fáànù máa ti afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe o. Alexis Belonio, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní orílẹ̀-èdè Philippines, ṣe sítóófù tó ń jẹ èèpo ìrẹsì nìkan, ó sì gba ẹ̀bùn iléeṣẹ́ aago Rolex nítorí rẹ̀ ní 2008. Ẹni tó bá ní ilé ìpaka ìrẹsì, tó ń wá ohun tó máa fi èèpo ṣe, ọ̀nà yẹn ni kó tọ̀.

Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ilé ìlagi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, ọgbọ́n náà sì ti pẹ́. Ẹ wá agolo ńlá, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ ní àárín, ẹ gbé ìgò kalẹ̀ sórí ihò náà, kí ẹ wá ki lẹ́búlẹ́bú yí ìgò náà ká, kí ẹ gún un kó le dáadáa. Tí ẹ bá rọra fa ìgò jáde, ihò kan á ti dúró ṣinṣin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ ti máa ṣáná sí i. Á máa jó láti inú ihò yẹn bọ̀ síta, á sì pẹ́ gan-an, ẹ lè fi se ẹ̀wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí lẹ́búlẹ́bú náà bá tutù díẹ̀, tàbí tí ẹ kò bá gún un dáadáa, á wó sínú ihò, iná á kú, èéfín á sì gba gbogbo ilé.

Èèpo kòkó ńkọ́? A ní i púpọ̀ l'Ékìtì, ṣùgbọ́n mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi dáná. Ó tètè ń mu omi, ó sì ń jẹrà kó tó gbẹ. Eérú rẹ̀ pọ̀, nígbà tí ooru bá sì mú gan-an, eérú yẹn ń yọ́, á dì mọ́ ihò ìsàlẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú. Eérú kòkó yẹn ni wọ́n ń wá, wọ́n mọ iyì rẹ̀ jù wá lọ.

Èédú náà ń jó nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé igi mi ti gbẹ?

Ẹ fi méjì gbá ara wọn. Tó bá dún kó, tó mú lẹ́tí, ó ti gbẹ. Tó bá dún gbì, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo orí igi tí àáké gé: igi gbígbẹ máa ń sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Èèpo ara rẹ̀ á sì máa ṣí kúrò fúnra rẹ̀.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra kílò 10, kílò 5 jẹ́ omi. Iná sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kó tó ṣe iṣẹ́ mìíràn, inú sítóófù á tutù, oru igi kò ní jó, èéfín á dé. Ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó bá pè mí pé sítóófù mi ń rú èéfín, igi tútù ni mo ń bá nílé wọn. Ẹ la igi kí ẹ tó tò ó, nítorí pé ojú ibi tí a là ni omi ń gbà jáde ju èèpo lọ. Nínú ọyẹ́, oṣù méjì sí mẹ́ta ti tó fún igi tí a là wẹ́wẹ́.

Nígbà òjò ńkọ́? L'Ékìtì, òjò kì í fi wá sílẹ̀.

Ọgbọ́n àwọn ìyá àgbà ni kí ẹ lò: ohun tí ẹ máa fi dáná ní oṣù Keje, inú oṣù Kìíní ni kí ẹ ti kó o sábẹ́ òrùlé. Ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù gbé e kúrò nílẹ̀ kí ọ̀rinrin má gùn ún. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó pátápátá, torí ooru á mú kó làágùn sínú ara rẹ̀. Èèpo èkùrọ́ kì í mu omi bí igi, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Tí òjò bá pa á, oòrùn ọjọ́ méjì kan á mú un gbẹ. Ẹ lè to igi tọ̀la sí ẹ̀gbẹ́ sítóófù nígbà tí ẹ bá ń dáná tòní, àmọ́ kó jìnnà tó ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ sì kó o kúrò kí ẹ tó lọ sùn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Kí ló dé tí ẹ ní ká máa ṣáná sí i lókè? Ìsàlẹ̀ la mọ̀.

Tí ẹ bá ṣáná sí ìsàlẹ̀ agolo tó kún, ooru á gòkè, á sọ gbogbo èyí tó wà lókè di oru lẹ́ẹ̀kan náà, iná kò sì tíì débẹ̀ láti jó o. Èéfín á bo yín. Tí ẹ bá ṣáná sí i lókè, iná á wà lókè, á máa jẹ èèpo náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oru tó bá ti ìsàlẹ̀ wá á bá iná pàdé lókè, á sì jó. Iná òkè yẹn dà bí aṣọ́bodè: èéfín kankan kò lè kọjá láìjẹ́ pé ó jó.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ da èèpo sínú rẹ̀, kó má dé ibi ihò òkè. Ẹ tẹ́ ìhá tàbí èérún igi gbígbẹ lé e lórí. Ẹ ṣáná sí i níbi mélòó kan. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó ràn káàkiri ojú rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìkòkò lé e. Àìnísùúrù níbí yìí ló ń fa èéfín. Ẹ má sì bu èèpo tútù lé iná náà lórí nígbà tó bá ti dé àárín, torí ẹ máa pa iná òkè. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ tó pẹ́, kó ní agolo inú méjì: bí èkínní bá jó tán, kó gbé èkejì wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pẹtiróòlù ran án láéláé. Kẹrosíìnì pàápàá, mi ò fẹ́, torí a ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ṣé ó lè ro àmàlà? Ṣé iṣu iyán lè jinná lórí rẹ̀?

Iṣu iyán á jinná, kò tiẹ̀ sí wàhálà nínú ìyẹn, torí iṣu fẹ́ iná tó mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkà rírò ni mo ń ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá ń ro àmàlà, agbára apá yín wà lórí ìkòkò, sítóófù gígùn tó fúyẹ́ sì lè ṣubú pẹ̀lú omi gbígbóná. Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé ìyá mi, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tètè fò sẹ́yìn. Sítóófù tí mo ṣe fún un nígbà náà ga, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Láti ọjọ́ yẹn, ìdí gbogbo sítóófù tí mò ń ṣe fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, mo sì ń fi irin mẹ́ta dúró gbọn-in sórí rẹ̀ tó máa di ìkòkò mú. Ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ ta sítóófù fún yín pé: ṣé mo lè ro ọkà lórí rẹ̀? Tó bá ń kọminú, ẹ máa lọ.

Dídín iná kù kò rọrùn bíi ti gáàsì. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀. Ẹ tì í sí ìdajì, iná á rọlẹ̀. Ẹ má tì í pa.

Ṣé dandan ni fáànù?

Kì í ṣe dandan fún igi, ṣúkù tàbí èèpo èkùrọ́. Ó ń mú iná le sí i, ó sì ń dín èéfín kù sí i. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà àtijọ́, bátìrì kan àti páńẹ́ẹ̀lì sóólà kékeré ti tó. Àmọ́ ohun tó ní wáyà ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, tó bá sì bàjẹ́, sítóófù gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí i.

Yàrá kan ni mò ń gbé ní Ìwórókò. Ṣé mo lè dáná nínú yàrá tí òjò bá ń rọ̀?

Rárá o, ọmọ mi. Bí iná náà ṣe mọ́ tó, afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹ̀yín iná ló ń mú un jáde jù, ìgbà tí èéfín ti tán tí èèyàn rò pé ewu ti lọ. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ọ, oorun á kun ọ́, lẹ́yìn náà o lè má jí mọ́. Irú rẹ̀ ti pa odindi ìdílé tó gbé kóòlù pọ́ọ̀tù wọ yàrá nítorí otútù. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kó o lò, tàbí ilé ìdáná tí ògiri rẹ̀ kò dé òrùlé. Tí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò bá ọ mu, má rà á lọ́wọ́ mi.

Ṣé èéfín burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ? Àwọn ìyá wa lò ó, wọ́n sì dàgbà.

Àwọn tó dàgbà la rí bá sọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, èéfín inú ilé pa èèyàn mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn. Ó ń fa òtútù àyà fún ọmọdé, ó ń fa rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró fún àgbà, ó sì ń ba ojú jẹ́. Èyí tó ń dùn mí jù ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò: ohun tí ìyá ń mí símú lòun náà ń mí símú, ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ kò sì tíì gbó.

Nítorí náà mi ò ní purọ́ fún yín. Sítóófù yìí dín èéfín kù, kò mú un kúrò. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba ibi tí ẹ ti ń dáná kọjá, ẹ gbé ọmọ jìnnà.

Ṣé gáàsì kò wá dára jù?

Ó dára jù fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá lè rà á kó lò ó, kò sí ìjà láàárín wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo pẹtiróòlù ti lọ, tí nǹkan sì wọ́n sí i, ọ̀pọ̀ ilé tó ti gbé sílíńdà ló ti padà sídìí igi. Àwọn yẹn ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi sì ń lo méjèèjì: gáàsì fún tíì àárọ̀, sítóófù fún ẹ̀wà àti ẹran.

Èédú kì í rú èéfín. Kí ló dé tí ẹ kì í polówó rẹ̀?

Nítorí pé èéfín rẹ̀ ti jáde sínú igbó kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti rí kílò kan èédú nínú ilẹ̀ tí wọ́n bò, wọ́n ń jó kílò igi márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ ṣírò ooru tó wà nínú igi yẹn àti èyí tó kù nínú èédú, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló sábà máa ń kù. Igi yẹn ń ti ibì kan wá. Igbó ọba tó wà ní Ìṣẹ̀-Èkìtì, níbi tí ìnàkí ṣì ń gbé, igi ni ilé wọn, wọn ò sì ní ibòmíràn. Nígbà tí mo bá rí ọkọ̀ tó kó àpò èédú gorí ara wọn lójú ọ̀nà, mo máa ń ronú òkìtì èèpo èkùrọ́ tí a ń fi sílẹ̀ kó jẹrà nínú ìlú kan náà.

Ẹ tún gbọ́ èyí: tí iná bá dé ìsàlẹ̀ agolo tí ahọ́n iná sì kú, ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ jẹ́ èédú, bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹ dà sí i. Ẹ dà á sínú ìkòkò irin, ẹ dé e pa kó kú. Ẹ lè fi yan àgbàdo tàbí bọ̀ọ̀lì, ẹ sì lè gún un kí ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ fún ọgbà ẹ̀fọ́. Eérú náà dára fún ilẹ̀ tó kan, ìyẹn ilẹ̀ tí ásíìdì inú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀.

Kí ni a kò gbọ́dọ̀ jó nínú rẹ̀?

Ọ̀rá, rọ́bà, táyà, bàtà àtijọ́. Pákó tí wọ́n kun ní ọ̀dà. Páálí-pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Òpó iná mànàmáná tó ti ṣubú, torí oògùn tí wọ́n fi ń pa ikán sára rẹ̀ jẹ́ májèlé, eérú rẹ̀ náà sì jẹ́ májèlé. Igi tí oje rẹ̀ ń fọ́ ojú, bíi orọ́.

Irin ló dáa ni tàbí amọ̀?

Amọ̀ ń pa ooru mọ́, kì í jó èèyàn lọ́wọ́, kì í sì í dípẹtà. Ó ń fọ́. Irin rọrùn láti gbé, àmọ́ ó ń jẹra. Èyí tó wù mí jù ni irin tó wọ amọ̀ sínú. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìsàn-Èkìtì mọ amọ̀ ju bí mo ṣe mọ irin lọ. Tí wọ́n bá pò lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ amọ̀ kí wọ́n tó sun ún, lẹ́búlẹ́bú náà á jó dànù, á fi ihò kéékèèké sílẹ̀, amọ̀ náà á fúyẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ooru kọjá. Tí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ẹ rọ eérú gbígbẹ sí ẹ̀yìn ògiri ìta. Eérú kì í jẹ́ kí ooru sá.

Ọdún mélòó ló máa lò?

Ó wà lọ́wọ́ irin. Kí n tó máa ṣe tèmi, mo ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dán bíi fàdákà. Kò pé òjò kan tí agolo inú rẹ̀ fi lu jára, torí páànù tí wọ́n fi ṣe é tín-ín-rín bíi ti agolo mílíìkì. Mo béèrè owó mi, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Agolo inú ló ń jìyà iná jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kó nípọn, kó sì jẹ́ ohun tí a lè yọ, kí ẹ lè pààrọ̀ òun nìkan. Ẹ máa kó eérú kúrò lójoojúmọ́. Eérú tó bá rí ọ̀rinrin ń jẹ irin.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo ihò ìsàlẹ̀, eérú lè ti dí i. Ẹ wo bóyá ìkòkò jókòó mọ́ ẹnu sítóófù. Àlàfo bí ìka méjì gbọ́dọ̀ wà kí iná lè mí. Ẹ wo igi. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wá. Tí ahọ́n iná bá kú lójijì tí èéfín funfun ń jáde, ẹ má fẹ́ ẹ pẹ̀lú ojú yín lórí rẹ̀. Ẹ ju ìṣáná tó ń jó sí i láti ẹ̀gbẹ́, èéfín yẹn á gba iná, á sì jó.

Ìlú wa jìnnà sí Adó. Ṣé wẹ́dà ọ̀dọ̀ wa lè ṣe é?

Ó lè ṣe é, inú mi á sì dùn. Fún ìdílé ẹni mẹ́fà, agolo inú fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó ga ní 25. Ti ìta fẹ̀ ní 20. Ihò òkè wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sí ẹnu agolo, àpapọ̀ ojú wọn sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń lu púpọ̀. Kó má fi páànù òrùlé ṣe agolo inú o. Síǹkì tó wà lára rẹ̀ máa ń di èéfín olóró nígbà tí ó bá gbóná gan-an, fún wẹ́dà tó ń jó o àti fún ẹni tó ń dáná. Kó má sì gé sílíńdà gáàsì àtijọ́ láti fi ṣe é, nítorí gáàsì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù. Tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ gbé ìkòkò tí ẹ ń lò jù dání, àti orógùn yín, kí ó sì jẹ́ kí ẹ ro ọkà lórí rẹ̀ ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó.